Àgbàṣe ló bí i

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òyìnbó ló kọ́kọ́ ronú àtimáa sanwó fún àgbẹ̀ nítorí ohun tó hàn lórí ilẹ̀, bí irú òdòdó tó hù ní pápá rẹ̀, èmi ọmọ Ìbàdàn ò ní gbà. Iṣẹ́ àgbàṣe ti wà tipẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: à-gbà-ṣe, ohun tí èèyàn gbà láti ṣe. Kì í ṣe àáró, tí ọ̀rẹ́ fi ń bá ara wọn roko ní àyípo. Kì í sì í ṣe ọ̀wẹ̀, tí ọkọ ìyàwó fi ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sóko àna, tí oúnjẹ àti ẹmu jẹ́ ẹ̀san. Àgbàṣe lówó nínú, ebè la sì fi ń díwọ̀n rẹ̀: igba, irínwó, ẹgbẹ̀ta. Bí oòrùn bá wọ̀ tí igba ò pé, owó igba ò tíì jáde.

Lójú tèmi, Ìbàdàn ni ká wá orísun rẹ̀ sí. Ní nǹkan bí 1829 tí àwọn jagunjagun tẹ ibí dó, ọmọ Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti Ẹ̀gbá ló kóra jọ. Ẹni tí kò ní mọ̀lẹ́bí nítòsí, ta ni yóò bá ṣe àáró? Òótọ́ ni pé ẹrú pọ̀ lóko àwọn ológun, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ọwọ́ ẹrú. Mo gbà pé láàárín irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni owó ẹyọ ti di ẹ̀san ebè. Wọn ò mọ ìwà ara wọn, àmọ́ gbogbo ojú ló ń rí ebè.

Àwọn kan ní ìṣákọ́lẹ̀ ni ìyá rẹ̀. Rárá o. Níbẹ̀, àgbẹ̀ ló ń sanwó fún onílẹ̀.

Ìtàn irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó ò gùn. Ní 2000, ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àgbẹ̀ tí oríṣi òdòdó mẹ́rin, ó kéré tán, nínú 28 tí wọ́n kọ sílẹ̀ bá hù ní pápá koríko rẹ̀. Ní Burren, agbègbè olókùúta kan ní Ireland, wọ́n ń fún pápá ní máàkì láti 0 dé 10 bí ipò rẹ̀ bá ṣe dára tó, máàkì ló sì ń sọ iye owó. Inú àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn dùn pé ìjọba ò pàṣẹ bí wọn yóò ṣe ṣe é fún wọn. Ọ̀dá ló ń bà wọ́n lẹ́rù, nítorí ó lè ba iṣẹ́ gidi jẹ́.

Mo sọ ọ́ fún bàbá mi lóko wa ní Akínyẹlé. Ní gbogbo ogún ebè, wọ́n máa ń ju òkúta wẹ́wẹ́ kan sápò. Òkúta mẹ́wàá ni igba. Wọ́n ní kí wọ́n tó dá owó, àwọn àti alágbàṣe á kọ́kọ́ jọ rìn yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n á fi ọkọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Níbi tó bá le, owó á gòkè.

"Ta ló ń ka òdòdó yẹn?"

Mo ní àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba lè wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n mi orí. "Wọn ò jọ kà á?"