"Bí" nìkan kọ́ ló ń sọ gbólóhùn di àfiwé

Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń há sórí wọ gbọ̀ngàn ìdánwò WAEC àti NECO ni pé àfiwé tààrà ni èyí tó ní "bí" tàbí "dàbí", àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ sì ni èyí tí kò ní. Ọ̀nà méjì ni àlàyé yìí fi ń ṣini lọ́nà. Ó ń mú kí wọ́n máa fàlà sábẹ́ gbogbo "bí" tí ojú wọn bá kàn, ó sì ń mú kí wọ́n rò pé bí a bá ti yọ "bí" kúrò, tààrà ti di ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn.

Ẹ wo gbólóhùn yìí: Bí Àdùnní bá bí obìnrin, yóò rẹwà bí egbin. "Bí" mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣe àfiwé. Àkọ́kọ́ ń sọ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. "Bá" tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló tú àṣírí rẹ̀. Ìkejì jẹ́ ti ọmọ bíbí. Ìkẹta ló fi ẹwà ọmọ wé ti egbin. "Bí" mìíràn tún wà tó ń bá "ṣe" rìn, tó ń sọ ọ̀nà tí nǹkan ń gbà wáyé: bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ. Òmíràn ń parí ìbéèrè: Ṣé wọ́n ti dé bí? Òmíràn sì ń ṣáájú iye tí a kò kà pé: nǹkan bí ogún.

Kódà "bí" tó ń fi nǹkan méjì wéra gan-an kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọnà èdè. Táíwò ga bí Kẹ́hìndé: ìwọ̀n lásán nìyẹn, ènìyàn méjì la gbé dúró ti ara wọn. Táíwò ga bí ìrókò: ibẹ̀ ni ọnà èdè ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ènìyàn àti igi kì í ṣe irú kan náà. Ohun méjì tó jìnnà síra àti àbùdá kan tó so wọ́n pọ̀ ló yẹ kí á kọ́kọ́ wá, kí á tó máa wá "bí" kiri.

Àbùdá yẹn gan-an ni tààrà àti ẹlẹ́lọ̀ọ́ ti pínyà. Nínú tààrà, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú "bí" ló sábà máa ń sọ ọ́ síta. Ó dúdú bí kóró iṣin: àwọ̀ là ń sọ, kò sẹ́ni tí yóò rò pé ẹni náà kéré tàbí pé ara rẹ̀ ń dán. Ó gọ̀ bí àgùntàn: òmùgọ̀ là ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "Àgùntàn ni ọmọ yẹn", ẹlẹ́lọ̀ọ́ nìyẹn, a ti pe ohun kan ní òmíràn, iṣẹ́ sì ti bọ́ sọ́wọ́ olùgbọ́. Ṣé ọmọ náà gọ̀ ni, àbí oníwà pẹ̀lẹ́ ni? Ẹni tó sọ ọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bọ̀ ni yóò là á. Àfiwé tó jọ pé ó kúrú ni, àmọ́ òun ló ń béèrè làákàyè jù.

Tààrà dàbí ẹni tó ń sín ẹlòmíràn jẹ lójú agbo: gbogbo wa la rí i pé òun náà ni. Ẹlẹ́lọ̀ọ́ ti kó sínú ẹ̀kú ní tirẹ̀. Bí eégún bá ti jáde, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Ará ọ̀run ni wọ́n ń kí, ohùn ará ọ̀run ló fi ń dáhùn, ìrìn rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá ẹ̀kú mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni "Erin wó, kò lè dìde" tí à ń sọ nígbà tí ẹni ńlá bá kú. A ò dárúkọ olóògbé, a ò sì sọ pé ó kú; "wó" la lò, nítorí òun ló bá ìtóbi erin mu. Ìdajì rẹ̀ tó kù, Àjànàkú sùn bí òkè, kó méjèèjì pọ̀: ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni Àjànàkú, tààrà ni bí òkè. Ẹni tó bá kọ ọ̀kan péré nínú ìdáhùn rẹ̀ ti fi ìdajì sílẹ̀.

Ibi tí ewì tuntun ti sábà ń bàjẹ́ náà nìyí: akéwì a pààrọ̀ ẹ̀kú láàárín ijó. Ẹ wo ewì tó bá olórí ìlú sọ̀rọ̀ báyìí: "Awakọ̀ ìlú wa, bomi rin wá kí á so èso." Awakọ̀ kì í bomi rin èrò, iṣẹ́ àgbẹ̀ nìyẹn. Oríkì náà máa ń to àwòrán léra wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ń parí tirẹ̀ kí òmíràn tó gorí rẹ̀.

"Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù, òwe la fi ń wá a" ló dára jù láti fi dán ìmọ̀ wò. "Ni" tó fara pa mọ́ sínú "lẹṣin" ló gbé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ró. "Bí" tó wà níwájú ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti àfiwé rárá, "bá" ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Síbẹ̀ àwòrán náà kò tíì dúró: ọ̀rọ̀ ti di ohun tó sọnù, a sì ti gun ẹṣin jáde lọ wá a, láìtún dárúkọ ẹṣin. Bí a bá sọ ọ́ di òwe dàbí ẹṣin, a ti dá ẹṣin dúró ká tó gbéra.

Ẹnu ọ̀nà, etí odò, ẹsẹ̀ òkè: ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni wọ́n nígbà kan, wọ́n ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Kí a má kà wọ́n sí ọnà èdè nínú ewì, àfi bí akéwì bá jí wọn, tó ní ẹnu ọ̀nà là, ó gbé àlejò mì.

Nínú ìdánwò, kí akẹ́kọ̀ọ́ fa ọ̀rọ̀ náà yọ bó ṣe wà, kó sọ ohun méjì tí a fi wéra, kó dárúkọ àbùdá tó so wọ́n pọ̀, kó sì sọ ohun tí àfiwé náà fi kún ewì. "Àfiwé tààrà ni nítorí ó ní bí" kò tíì dáhùn ọ̀kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.