Ṣé dandan ni kí gbogbo wa pé kí eré tó bẹ̀rẹ̀?

Ó ti sú mi. Ẹ kàn dárúkọ Dungeons & Dragons, eré orí tábìlì tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń fẹnu sọ ìtàn, tí kálukú ń ṣe bí akọni kan nínú rẹ̀, tí adarí kan sì ń darí wọn, ẹnì kan á ní eré yẹn kì í ṣe ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, torí àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà gbọ́dọ̀ pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀; bí ẹyọ kan bá dín, kí kálukú gbalé lọ. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ nìyẹn.

Ta ló dá a sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ìwé òfin àkọ́kọ́ tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde lọ́dún 1974 ní ẹni 4 títí dé 50 lè wà nínú eré kan, kí adarí kan sì máa bójú tó nǹkan bí 20. Ẹ bá mi wá ọjọ́ tí 50 àgbàlagbà máa ń ráyè lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í ṣe òde ìnáwó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni ibi tó yẹ ká parí eré alẹ́ kan sí. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n nígbà kan. Aago mẹ́wàá lù bá wa nínú ihò ilẹ̀ kan nínú ìtàn, a ní ká dá a dúró síbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ wa kan sáré lọ síbi iṣẹ́. Jagunjagun rẹ̀ wà lórí àkàbà, àtùpà kan ṣoṣo tá a ní sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dúró lórí àkàbà yẹn. Ṣé ká gba àtùpà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, àbí ká máa rìn nínú òkùnkùn biribiri? Àríyànjiyàn yẹn la ń bá yí títí a fi tú ká. Mo bínú sí i, bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń darí eré ni mo jẹ̀bi: ká ní mo ti kó wọn padà sílùú kí aago tó lù, àìwá rẹ̀ ì bá má dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tí Ben Robbins, adarí eré kan, dá nìyẹn nínú eré rẹ̀, West Marches, tó kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 2007. Kò sí ọjọ́ pàtó, kò sí ikọ̀ pàtó. Àwọn tó ń ṣeré ló ń bá ara wọn dá ọjọ́, tí wọ́n sì ń sọ ibi tí wọ́n fẹ́ lọ. Ìlú ni wọ́n ti ń gbéra, ìlú náà ni wọ́n ń padà sí kí wọ́n tó dìde nídìí tábìlì.

Mi ò ní ó bá gbogbo ìtàn mu o. Ìtàn tó dá lé ọmọ ọba kan ṣoṣo, bí ọmọ ọba ò bá wá, kí la fẹ́ sọ? Àwọn míì sì wà tí kì í ṣe iṣẹ́ ló ń dá wọn dúró. Eré ló ti sú wọn, ojú ń tì wọ́n láti sọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọjọ́ inú ìtàn. Bí ikọ̀ kan bá lo ọjọ́ mẹ́wàá nínú igbó, tí ikọ̀ kejì jáde lọ́jọ́ kẹta, ta ló kọ́kọ́ débi ìṣúra? Ọ̀rọ̀ yìí ká Gygax lára débi pé lẹ́tà ńláńlá ló fi kọ ọ́ sínú ìwé adarí eré lọ́dún 1979, pé eré tí wọn ò bá ṣírò ọjọ́ rẹ̀ dáadáa kò lè nítumọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ ó máa kọ ọjọ́ sí. Kí ẹnikẹ́ni sì tó dìde, ẹ bi í pé ọwọ́ ta ni àtùpà wà.