Òróró Tùràrí: Ohun Tó Bá Ooru Lọ àti Ohun Tó Kù Sílẹ̀

Kò sí ẹni tí kò mọ òórùn tùràrí ní Àgbádárìgì. Àwọn ìjọ aláṣọ funfun ń jó o, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí náà sì ń fi fín ilé. Ṣùgbọ́n ìgò kékeré tí wọ́n ń pè ní òróró tùràrí, tí wọ́n ń tà fún oríkèé ríro àti awọ ara, kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú oje tí à ń dà sórí ẹ̀yinná. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló fa ìyàtọ̀ náà.

Ara igi Boswellia ni oje yìí ti ń wá, igi ilẹ̀ gbígbẹ. Boswellia sacra wà ní Oman, Yemen àti Sòmálíà. Serrata ni ti Íńdíà. Dalzielii wà lókè Ọya níbí. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ha èèpo igi náà, oje funfun á sun jáde, á sì gan. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á padà wá ṣí i. Igi tí wọ́n bá ha ní àhàjù, èso rẹ̀ kì í hù dáadáa mọ́.

Ẹni tó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń ṣe ògógóró ti mọ ìyókù. Oje á wà nínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dé pa, ooru omi á gba àárín rẹ̀ kọjá bọ́ sínú páìpù tó la omi tútù já, á wá máa kán tó-tó-tó sínú agolo. Òróró á léfòó, wọ́n á ré e kúrò lójú omi. Ohun tó fúyẹ́ nìkan ló ń bá ooru gòkè: alpha-pinene, limonene àti irú wọn, àwọn tó ń ta sánsán. Boswellic acid, èròjà mìíràn tó wà nínú oje náà, wúwo, ìdí dúrọ́ọ̀mù ló ń jókòó sí. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí orúnkún ríro, kóró oògùn tí wọ́n fi oje serrata ṣe ni wọ́n sì fún àwọn aláìsàn. Ọlọ́jà tó ń fi ìwádìí yẹn polówó ìgò òróró, ọjà ẹlòmíì ló ń polówó. Ní ti àwọn tó ń sọ pé ó ń wo jẹjẹrẹ, ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá ní kéèyàn torí ẹ̀ pa ìtọ́jú ọsibítù tì, ẹ sá fún un.

Kí ló wá kù? Òórùn tó ń tuni lára, àti ara wíwọ́, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré. Àgbọn ò wọ́n wa: ẹ kán ẹ̀kán mẹ́fà sínú òróró àgbọn 30 ml, ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa apá, kí ẹ wò ó di ọjọ́ kejì. Ẹ má mu ún. Aláboyún, ọmọdé àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì gbọ́dọ̀ bi dókítà léèrè ná.

Afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ń ba òróró yìí jẹ́, èyí tó bá sì ti bàjẹ́ máa ń yún ara, nítorí náà ẹ má ra èyí tí wọ́n tò sínú oòrùn. Ẹ kán ẹ̀kán kan sórí bébà funfun: bí ọ̀rá bá ṣì tàn síbẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti po òróró mìíràn mọ́ ọn.