Yen kọ́ ni orúkọ bàbá Ali Sami Yen

Láti ìgbà tí Victor Osimhen ti lọ sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Galatasaray ní Túrkì lọ́dún 2024 ni àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń gbọ́ orúkọ Ali Sami Yen, torí òun ló ṣíwájú dídá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré wọn. Bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ nílẹ̀ wa lónìí, ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò gbà pé Yen ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́. Irọ́ ni o.

Sami ni bàbá. Şemseddin Sami ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Albáníà láti abúlé Frashër, òǹkọ̀wé tó ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Túrkì tó ń jẹ́ Kamus-ı Türkî. Nígbà tó bí Ali lọ́dún 1886, àwọn Mùsùlùmí Istanbul kì í sábà ní orúkọ ìdílé bíi ti òde òní. Ali Sami: ó parí síbẹ̀.

Orúkọ yìí náà ló ń jẹ́ nígbà tí òun àtàwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níléèwé Galatasaray ní oṣù kẹwàá ọdún 1905. Ọmọ ọdún 19 ni. Ó ní àwọn fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù pọ̀ bíi ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ní àwọ̀ àti orúkọ, kí àwọn sì borí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti Túrkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ tó fi parí gbólóhùn náà lédè wọn: yenmek, láti borí. Ẹ yọ mek kúrò, yen ló kù. Àṣẹ ni: "Borí!", bí ẹni ń ké sí agbábọ́ọ̀lù létí pápá.

Òun náà ni akọ́nimọ̀ọ́gbá Túrkì nínú ìdíje àkọ́kọ́ wọn, 2-2 pẹ̀lú Románíà ní October 26, 1923. Kò tíì sí Yen lọ́jọ́ náà. Ọdún 1934 ni ìjọba ṣòfin pé kí oníkálukú mú orúkọ ìdílé. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún nígbà náà. Yen ló mú, èmi ò sì gbà pé èèṣì ni.

Bàbá rẹ̀, tó ti ṣa ọ̀rọ̀ Túrkì jọ lẹ́yọ lẹ́yọ, ti kú lọ́dún 1904. Kò bá ẹgbẹ́ náà láyé, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ rẹ̀ mú nínú èdè náà tó fi ṣe orúkọ.