Kí ni iṣẹ́ regista? Àlàyé láti ẹsẹ̀ Andrea Pirlo

Nínú bọ́ọ̀lù Ítálì, regista ni agbábọ́ọ̀lù àárín tó máa ń dúró níwájú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn gan-an, tó sì ń ti ibẹ̀ pín bọ́ọ̀lù káàkiri pápá. Orúkọ yìí kan náà ni wọ́n ń pe olùdarí fíìmù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé òun náà ni nọ́ńbà 6, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò. Lóòótọ́, ibì kan náà làwọn méjèèjì ń dúró sí, àmọ́ nọ́ńbà 6 wà níbẹ̀ láti ba eré ẹlòmíràn jẹ́, regista sì wà níbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn. Andrea Pirlo, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ítálì, ló dára jù láti fi ṣàlàyé rẹ̀, torí pé ibòmíràn ló ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fà á sẹ́yìn.

Flero, ìlú kékeré kan nítòsí Brescia, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1979. Ọmọ ọdún 16 péré ni nígbà tó kọ́kọ́ wọ pápá fún Brescia ní Serie A, líìgì àgbà Ítálì, lóṣù karùn-ún ọdún 1995. Nọ́ńbà 10 ni nígbà náà: ó ń dúró sẹ́yìn àwọn atamátàsé, ó ń wá àlàfo tó lè ti bọ́ọ̀lù gbà. Inter Milan rà á lọ́dún 1998, ìgbà tí Taribo West àti Nwankwo Kanu ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ronaldo ará Brazil, Roberto Baggio àti Youri Djorkaeff náà wà níbẹ̀. Ta ni yóò yọ irú wọn kúrò torí ọmọ ọdún 19? Wọ́n yá a fún Reggina. Ó ṣe bẹbẹ níbẹ̀, ó padà dé Inter, àyè ò sì tíì ṣí.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Inter tún yá a, ó di Brescia, ilé àtijọ́. Ta ló bá níbẹ̀? Baggio, tó ti kúrò ní Inter, tó sì ti jókòó ti ipò nọ́ńbà 10. Carlo Mazzone, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà tó ti rí oríṣiríṣi, kò fẹ́ fi ìkankan nínú àwọn méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí Pirlo sún sẹ́yìn, kó lọ dúró níwájú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún náà, Brescia lọ bá Juventus ní Turin. Juventus ló ń borí, 1-0, nígbà tí Pirlo gbé bọ́ọ̀lù gígùn kan kọjá lórí àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn wọn. Baggio fi ẹsẹ̀ gbà á látòkè, gbígbà yẹn náà ló fi yẹ aṣọ́lé Edwin van der Sar sílẹ̀, ó bá gbá a sáwọ̀n. 1-1 ni wọ́n parí sí. Góòlù Baggio ni gbogbo ayé ń sọ títí dòní. Ní tèmi, páàsì yẹn ni mo máa ń dá fídíò padà láti wò.

Kí ló dé tí sísún sẹ́yìn fi ràn án lọ́wọ́? Nọ́ńbà 10 sábà máa ń kẹ́yìn sí ilé alátakò nígbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Èèyàn méjì mẹ́ta ti wà lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá tètè yí padà, wọ́n á gbà á. Ẹni tó bá yára tàbí tó lágbára lè bọ́ níbẹ̀. Pirlo ò yára, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe alágbára. Tó bá sún sẹ́yìn dáadáa, àwọn alátakò ti sá padà lọ ṣọ́ ilé wọn, gbogbo pápá sì wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tó dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń wo ọjà nísàlẹ̀: ó ń rí ẹni tó ń bọ̀, ẹni tó ń lọ àti ojú ọ̀nà tó ṣófo. Ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì tó ń rí jèrè níbẹ̀ ti tó o. Kí bọ́ọ̀lù tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ti bojú wẹ̀yìn, ó ti mọ ibi tó ń gbé e lọ.

Ohun kan wà níbẹ̀ táwọn èèyàn máa ń gbàgbé: regista kì í dá ṣiṣẹ́. AC Milan rà á lọ́dún 2001, Carlo Ancelotti, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, sì fi í síwájú àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn, Gennaro Gattuso lápá kan, Clarence Seedorf lápá kejì. Gattuso ló ń sáré fún ẹni méjì, òun ló ń bá èèyàn wọ̀yá ìjà, òun ló ń gba káàdì. Ẹni tó bá yọ Gattuso kúrò nínú ikọ̀ yẹn ti yọ Pirlo náà, bí Pirlo tilẹ̀ ṣì wà lórí pápá. Wọ́n gba Champions League lọ́dún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹ́náritì na Juventus ní Old Trafford. Wọ́n tún gbà á lọ́dún 2007 nígbà tí wọ́n na Liverpool ní Athens. Istanbul 2005 wà láàárín méjèèjì: Milan ti gbá 3 wọlé kí Liverpool tó dá gbogbo rẹ̀ padà, Jerzy Dudek sì mú pẹ́náritì Pirlo.

Ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé 2006 ní Jámánì, Ghana ni Ítálì kọ́kọ́ kojú, Pirlo ló sì gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé láti ẹ̀yìn àpótí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ rí i níbi tó ti ń ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n ti na Jámánì ní Dortmund kí wọ́n tó dé àṣekágbá. 0-0, àfikún àkókò ti fẹ́ tán, bọ́ọ̀lù bọ́ sẹ́sẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu àpótí. Gbogbo èèyàn ń retí kó gbá a sílé. Ó rọra ń gbé e lọ sápá ọ̀tún, kò kánjú, ó jẹ́ kí àwọn ará Jámánì máa sún mọ́ òun, ó sì tì í gba àárín wọn fún Fabio Grosso láìwo ibẹ̀. Góòlù. Alessandro Del Piero fi ìkejì lé e. Nínú àṣekágbá pẹ̀lú Faransé, kọ́nà Pirlo ni Marco Materazzi fi orí kàn wọlé, òun náà ló sì gbá pẹ́náritì àkọ́kọ́ Ítálì kí wọ́n tó gba ife.

Ọ̀nà wà láti pa iṣẹ́ regista. Lóṣù kẹta ọdún 2010, Alex Ferguson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Manchester United, ní kí Park Ji-sung lẹ̀ mọ́ Pirlo bó bá ti rìn. Manchester United na Milan 4-0, Park tún ráyè gbá ọ̀kan wọlé. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Milan jẹ́ kó lọ, torí Massimiliano Allegri, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn nígbà náà, fẹ́ràn ẹni tó lè jà níbẹ̀, irú Mark van Bommel. Juventus gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣìṣe ńlá ni, n kò rò pé àwọn ará Milan alára á jiyàn rẹ̀: ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, Juventus gba Serie A láìpàdánù ìkankan nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Sáà mẹ́rin ló lò níbẹ̀, ife líìgì mẹ́rin. Arturo Vidal àti Claudio Marchisio ló ń ṣe iṣẹ́ tí Gattuso ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó lọ sí New York City FC lọ́dún 2015, ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 2017 lẹ́yìn tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Ítálì nígbà 116.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ikọ̀ ló ń lé alátakò dé ẹnu ilé rẹ̀, àyè tí Pirlo ń rí sì ti dín kù. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò tíì parẹ́: Jorginho, tí wọ́n bí ní Brazil, ló ṣe é fún Ítálì nígbà tí wọ́n gba ife Yúróòpù lọ́dún 2021. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ikọ̀ kan ní regista, ẹ gbójú kúrò lára bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wá ẹni tó ń bojú wẹ̀yìn ṣáá kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí àwọn ọwọ́ ẹ̀yìn sì ń wá kiri nígbàkigbà tí wọ́n bá gba bọ́ọ̀lù.