Bí Notre Dame ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù láì sí nínú líìgì ẹnikẹ́ni

Bọ́ọ̀lù yunifásítì ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọ̀rọ̀ inter-house o, owó gidi ló wà ńbẹ̀. Bó ṣe rí ni pé yunifásítì kọ̀ọ̀kan máa wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní conference, ká ṣáà máa pè é ní líìgì, líìgì yẹn ló ń to ẹni tí wọ́n máa bá gbá, òun ló ń bá àwọn tẹlifíṣọ̀n dúnàádúrà, tówó bá wá wọlé wọ́n á jókòó pín in. Nínú àwọn tó lórúkọ, kò sẹ́ni tí kò sí nínú ọ̀kan, àfi Notre Dame, ilé ìwé àwọn Àgùdà ní South Bend, ìpínlẹ̀ Indiana. Tó bá ti di bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí olórí ṣóńṣó tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré yẹn, wọ́n dá dúró ni, wọ́n sì ń jẹun yó.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ dá wà látilẹ̀. Fadá kan láti Faransé, Edward Sorin, ló dá ilé ìwé náà sílẹ̀ lọ́dún 1842. Lọ́dún 1887 àwọn ọmọ Michigan wá kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù yìí, wọ́n kọ́ wọn tán wọ́n tún nà wọ́n 8-0. Nígbà tó yá tọ́wọ́ wọn mọ́ ọn, wọ́n ní káwọn wọ líìgì àwọn ará àdúgbò wọn, èyí tó di Big Ten lónìí, wọ́n ò gbà wọ́n. Wọ́n rí àwíjàre wí, ṣùgbọ́n ẹ̀tanú sáwọn Àgùdà wà ńbẹ̀ dáadáa, nítorí Indiana ìgbà yẹn, Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó kórìíra àwọn èèyàn dúdú àtàwọn Àgùdà, rẹpẹtẹ ló wà níbẹ̀, kódà ní May 1924 àwọn sítúdẹ́ǹtì Notre Dame àti Klan kojú ìjà síra wọn ní ìgboro South Bend.

Táwọn ará ilé ò bá bá ẹ gbá, o máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sọ́nà jíjìn ni. Lọ́dún 1913 wọ́n lọ bá tíìmù Army, ilé ìwé àwọn ológun, ní West Point. Òfin ti fàyè gba kéèyàn ju bọ́ọ̀lù síwájú láti 1906 ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí, Gus Dorais àti Knute Rockne, àwọn ọmọ tíìmù Notre Dame, ní tiwọn ti lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ní Cedar Point, níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ olówó kékeré, tí wọ́n bá ti ṣíwọ́ wọ́n á bọ́ sórí iyanrìn etí adágún Erie, ọ̀kan á jù ú, ìkejì á sáré lọ há a. Ní West Point, Dorais ju mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìnlá débi tó ń lọ. Notre Dame nà wọ́n 35-13.

Rockne yìí ló wá di kóòṣì láti 1918 sí 1930, ó borí nínú bọ́ọ̀lù 105, wọ́n na án ní 12, ó gba ọ̀mì 5. Ó ń kó wọn lọ New York, láti 1926 wọ́n tún ń lọ Los Angeles. Ẹ wá wo àwọn Àgùdà tó wà láwọn ìlú yẹn, ará Ireland, ará Ítálì, ará Poland, òṣìṣẹ́ fákítìrì, wọn ò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí láyé wọn, àmọ́ wọ́n rí tíìmù kan tó jẹ́ tiwọn tó ń na àwọn olówó. Ní New York, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ wòran, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní subway alumni, bí ẹni pé inú ọkọ̀ yẹn ni wọ́n ti kàwé jáde. Fighting Irish tó jẹ́ orúkọ ìnagijẹ tíìmù náà, èébú ni tẹ́lẹ̀, ọdún 1927 ni Fadá Matthew Walsh tó jẹ́ ọ̀gá yunifásítì ní ó dáa, ká máa jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. (Rockne fúnra ẹ̀, ọmọ Norway ni, ìjọ Luther ló ti wá, 1925 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di Àgùdà.)

Àwọn òǹwòran yẹn ni ọjà tí wọ́n ń tà títí dòní. NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ló ń pinnu ẹni tó máa hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, títí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi gba agbára yẹn lọ́wọ́ wọn lọ́dún 1984. Látìgbà yẹn àwọn yòókù ń tà pa pọ̀, Notre Dame ní tirẹ̀ lọ bá tẹlifíṣọ̀n NBC, láti 1991 NBC ló ń gbé bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá nílé, wọn ò bá líìgì kankan pín in. Wọ́n ń yọ nínú owó yẹn ṣe scholarship fún sítúdẹ́ǹtì tí kò gbá bọ́ọ̀lù rárá, èyí dáa púpọ̀.

Ọ̀pọ̀ eré yòókù ní Notre Dame wà nínú líìgì ACC láti 2013, bọ́ọ̀lù olórí ṣóńṣó yẹn ní tirẹ̀ kàn ń bá ọmọ ACC bíi márùn-ún gbá lọ́dún ni. Nínú básíkẹ́tìbọ́ọ̀lù obìnrin ni orúkọ tiwa ti jáde: Arike Ogunbowale, ọmọ bàbá Nàìjíríà. Sọ́ńdè Àjíǹde, 1 April 2018, fáínà, 58-58 pẹ̀lú Mississippi State, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ló kù. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí i, ó fà á lọ sí kọ̀rọ̀ apá ọ̀tún, ó fò, ó jù ú kọjá orí ẹni tó ń dí i. Ó wọlé. Ọjọ́ Fúráìdè tó ṣáájú ló ṣe irú ẹ̀ fún UConn, yunifásítì Connecticut.

Ṣé dídá dúró ò ní ohun tó ń náni ni? Ó ní. Lọ́dún 2024 tí wọ́n sọ ìdíje àṣekágbá di ti tíìmù méjìlá, àwọn mẹ́rin tó máa sinmi ní ráùndì àkọ́kọ́, ẹni tó bá gba ife líìgì ẹ̀ nìkan ló lè wà ńbẹ̀ lọ́dún yẹn. Notre Dame ò ní líìgì, ife wo ni wọ́n fẹ́ gbà? Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kan kún tiwọn, wọ́n sì rìn ín dé fáínà ní January 2025. Ohio State nà wọ́n 34-23. Ọmọ Big Ten ni Ohio State.