Afẹ́fẹ́-há-sáyà: ẹ̀dọ̀fóró kì í wó

Nígbà mìíràn, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀fun, afẹ́fẹ́ á há sáàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà, ẹ̀dọ̀fóró á sì súnkì. Ẹni tó kọ́kọ́ pe àìsàn yìí ní "ẹ̀dọ̀fóró wíwó" nínú ìwé ìléwọ́ ilé ìwòsàn ti dá wa lágara. Ilé ní í wó, ògiri ní í wó, ohun tó bá sì wó, àfi kí a tún un mọ. Ẹ̀dọ̀fóró tí à ń wí yìí kò ya lulẹ̀. Ó súnkì ni. Bí a bá mú ohun tó fún un mọ́ ibi kan kúrò, yóò tún gbòòrò padà. Àwọn mìíràn ń kọ "níúmótọ́ráàsì", wọ́n á wá to àmì ohùn lé e lórí, bíi pé àmì ohùn ló ń sọ ọ̀rọ̀ di Yorùbá. Ìyá tí wọ́n bá sọ ìyẹn fún ní wọ́ọ̀dù kò ní mọ̀ bóyá orúkọ oògùn ni àbí orúkọ dókítà.

Afẹ́fẹ́-há-sáyà ni èmi ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Jean Itard, dókítà ará Faransé tó sọ àìsàn náà ní pneumothorax ní 1803, èdè Gíríìkì ló fi sọ ọ́: afẹ́fẹ́ àti àyà. Kò dárúkọ ẹ̀dọ̀fóró rárá. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é ní ẹ̀dọ̀fóró tó wó tí wọ́n bá ń bá mẹ̀kúnnù sọ̀rọ̀, àwa náà sì sáré gbé ìyẹn láìwo ẹ̀yìn. Orúkọ tèmi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì sọ ìtọ́jú rẹ̀ mọ́ ọn: ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ jáde. Ẹni tó gbọ́ "wíwó" á máa wá òpó tí yóò fi tì í. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi gùn. Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ta ni kò lè pè é?

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró àti ìhà, omi díẹ̀ ló mú wọn lẹ̀ mọ́ra. Ẹ wo ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tuntun lọ́wọ́ aláta. Ojú rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ típẹ́típẹ́, obìnrin náà á lá ìka, á ra á títí, kò ní là. Àmọ́ bí afẹ́fẹ́ bá ti rí ibi bíńtín wọlé, fàà, ó ti ṣí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Gbogbo ìgbà ni ẹ̀dọ̀fóró ń fẹ́ súnkì; lílẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ìhà ni kò jẹ́.

Kí ló wá kan iṣẹ́ abẹ ọ̀fun tí mo dárúkọ lókè? Orí ẹ̀dọ̀fóró yọ kọjá egungun ìhà àkọ́kọ́, ó wọ ìdí ọrùn. Bí dókítà bá ń lu ihò sí ọ̀nà èémí lọ́rùn, tí abẹ lọ sísàlẹ̀ jù tàbí tó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè kan awọ yẹn. Ti ọmọdé léwu jù, nítorí tiwọn tún ga sókè sí i. Nígbà mìíràn, rọ́bà tó yẹ kó wọ ọ̀nà èémí á ṣìnà wọ inú ẹran iwájú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ń fún afẹ́fẹ́ sí i, ọrùn á wú, afẹ́fẹ́ á sì máa wá ọ̀nà lọ sínú àyà. Aláìsàn tó ń jà fún èémí pàápàá lè fi ipá fa afẹ́fẹ́ gba ojú ọgbẹ́.

Afẹ́fẹ́ tó kéré lè lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó ń wọlé tí kò rọ́nà jáde ló ń pani: á ti ọkàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀jẹ̀ kò ní rí àyè padà sí ọkàn, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Dókítà tó mọṣẹ́ kì í dúró de àwòrán X-ray nígbà yẹn. Abẹ́rẹ́ ló máa gún sáàárín egungun ìhà, kó tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́, tí yóò fi ẹnu rọ́bà sínú ìgò omi kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde láìpadà.

Ẹ̀yin ará ilé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: bí ọrùn tàbí àyà aláìsàn bá wú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tó ń dún pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́ lábẹ́ ìka, nọ́ọ̀sì ni kí ẹ sáré pè. Ẹ má fi róòbù ra á.